Apá Ibi tí Ìjì ti Ń Wá

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kó wa jáde lọ wo ojú ọ̀run, apá òdì ni mo kọjú sí.

Pápá kan ni, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ọjọ́ ní Kánsáàsì, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Koríko nìkan ló wà níbẹ̀, koríko títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Olùkọ́ wa ní kí kálukú dúró kí ó kọjú sí ibi tí òjò yóò ti wá. Èmi ò tiẹ̀ ronú rárá. Mo yíjú sí ìlà-oòrùn, mo káwọ́ gbera, mo ń retí. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì ló kẹ́yìn sí mi. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọjú sí.

Ní Aládé, ní Ìdànrè, níbi tí wọ́n bí mi sí, ìlà-oòrùn ni ìjì ti máa ń wá. Bí ó bá ti ṣú ní apá Ọ̀wọ̀, ẹ̀fúùfù ò ní pẹ́ máa gbá fèrèsé, àwọn ìyá á sì ti máa sáré kó kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé ni ara mi ṣe mọ ibi tí òjò ń gbà wá. Mo wá dé ilẹ̀ tí ìjì ti ń yọ sí èèyàn láti ẹ̀yìn.

Ohun kejì tó dà mí láàmú ni pé kò sí òkè. Nílé, ibi yòówù kí o dúró sí, òkúta kan wà tó ga ju orí rẹ lọ. Ojú ọ̀run tí a mọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù láàárín òkè kan sí òmíràn ni. Ṣùgbọ́n ní Kánsáàsì, ọ̀run bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Kò sí ohun tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì. Bí mo bá ń lọ sí kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń gbà, bí ẹni pé ẹnì kan ń wò mí láti òkè.

Línda ni wọ́n ń pe olùkọ́ wa yẹn. Ó ní kí gbogbo wa máa pe òun bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó dàgbà ju màmá mi lọ! Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá mi, èmi nìkan, mo ní, "Línda." Ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Mà" ni mo ń pè é. Nígbà tó yá ó bi mí léèrè pé, "Ta ni Mà tí o máa ń kí láràárọ̀ yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ pè mí, òun náà á ní, "Mà!" Gbogbo kíláàsì á sì yíjú wò mí.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan wà, Kóódì, ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbin àlìkámà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé ló ti gé orúkọ mi sí ìdajì. Ó ní èyí tó kù ti gùn jù. Mi ò bá a jà. Mo kàn ń rò ó pé ìdajì mi wo ló wá dé ibí báyìí, ìdajì wo ló sì wà nílé.

Bí kíláàsì bá parí, ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń gbà lọ, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ abọ́ fífọ̀. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́ gan-an. Èmi ni mo ń gbọn oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán dànù kí n tó to abọ́ sínú rẹ̀. Odidi adìyẹ ni mo ń dànù nígbà mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣe ni mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀ kí n tó ju ú sí garawa. Nígbà tó yá ọwọ́ mi kàn ń ṣe é. Ìyẹn gan-an ló bà mí nínú jẹ́. Bí Fúráídè bá sì ti lọ, ó lè di Mọ́ńdè kí ẹnikẹ́ni tó pè mí, kódà kó jẹ́ ìdajì orúkọ náà.

Màmá mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Àgbẹ̀ kòkó ni, òun sì ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Aládé. Ẹnu Ìdànrè ló ń sọ. Èmi ni mo ń tún un sọ níhìn-ín kí ó lè yé gbogbo èèyàn.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí lo tiẹ̀ ń kọ́ gan-an?"

"Ìjì ni, mà."

"Ìjì tó ń ṣí páànù ilé?"

"Òun náà ni, mà. Bí èèyàn ṣe lè mọ̀ kó tó dé."

Ó ní, "Ìyẹn ni pé àsọtẹ́lẹ̀ lo ń kọ́."

"Kì í ṣe irú ti ṣọ́ọ̀ṣì, mà."

"Irú wo wá ni?"

Mo sọ fún un nípa rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí òjò wà hàn, mo sọ nípa sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ìkúùkuu láti òkè. Ó ní, "Hẹn," bí àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe bí ọmọdé bá ń ròyìn àlá.

Oṣù tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ nílé náà ni ìjì tiwọn ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni a bọ́ sójú pápá. Ọkọ̀ méjì ni a fi ń lọ, Kóódì ló ń wa èyí tí mo wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ṣe ni a ń sáré lé ìjì káàkiri ń tan ara rẹ̀ ni. Jíjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀. A ó dúró sí ilé epo kan, a ó máa jẹ ẹ̀pà, a ó máa wo ọ̀run tí kò ní nǹkan kan lára. Láàárọ̀, a ó tú bàlúùnù ńlá funfun kan sílẹ̀, tó gbé àpótí kékeré dání. Bí ó ṣe ń gòkè ni àpótí náà ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa: bí òtútù ṣe tó lókè, bí atẹ́gùn ṣe le tó, apá ibi tó ń fẹ́ sí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé mi lọ́wọ́, atẹ́gùn ń fà á mọ́ mi lọ́wọ́ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn. Mo tú u sílẹ̀ láìjẹ́ kí àpótí fara gbá ilẹ̀. Línda ní, "Ó dára, Mà." Odidi ọ̀sẹ̀ ni inú mi fi ń dùn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìjì ńlá àkọ́kọ́ mi. Ìkúùkuu rẹ̀ ga débi pé a ní láti gbórí sókè gidi kí a tó rí orí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúdú, gbogbo ara rẹ̀ sì ń yí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tó fẹ́ jókòó sí. Yìnyín kọ́kọ́ bọ́, ó ń gbá orí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà láti ìsàlẹ̀ ìkúùkuu náà títí ó fi kan ilẹ̀. Nílé, ààjà ni a ń pe atẹ́gùn tó ń yí eruku sókè níta. Àwa ọmọdé máa ń sá fún un, àwọn àgbà á ní kí a má dúró lójú ọ̀nà rẹ̀. Èyí tí mo rí lọ́jọ́ náà, ààjà ni, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ọ̀run.

Línda ò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Má wo bí ó ṣe lẹ́wà. Wo ibi tó ń lọ."

Inú oko ló kú sí, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Mi ò lè jókòó sí kíláàsì kí n má wo fèrèsé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní kí a dijú, ojú mi kan á là. Mo sì dá àṣà kan: lórí fóònù mi, mo máa ń ṣí àwòrán méjì, ọ̀run Kánsáàsì ní ọ̀kan, ọ̀run Nàìjíríà ní èkejì. Bí mo bá ń wo ibí, ọkàn mi á ní ibẹ̀ ńkọ́. Bí mo bá ń bá màmá mi sọ̀rọ̀, ojú mi á wà lára ìkúùkuu tó ń ga lẹ́yìn ilé oúnjẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, fèrè ìkìlọ̀ dún nígboro. Mo sá bọ́ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ìkàwé pẹ̀lú àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí. Kò bi mí ní orúkọ, kò bi mí ní ibi tí mo ti wá. Ó kàn ta ìdajì aṣọ ìbora rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ní kí a máa jáde. Lókè, lójú pópó, mo máa ń rò pé àlejò ni mí. Lábẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, èrò yẹn ò wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni mo ba nǹkan jẹ́. Ìjọ màmá mi ń ṣe àjọ̀dún. Wọ́n ta kánópì sí pápá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, èrò pọ̀. Àárọ̀ ni ní ọ̀dọ̀ mi, ọ̀sán ti pọ́n ní tiwọn. Mo ń sinmi lẹ́yìn ilé oúnjẹ nígbà tí mo ṣí àwòrán Nàìjíríà, mo sì rí i: ìlà ìjì gbọọrọ kan, ó ti kọjá Lọ́kọ́ja, ó kọrí sí Àkókó. Mo fojú wọn ọ̀nà rẹ̀. Mo pe màmá mi.

"Mà, ìjì ńlá ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kúrò lábẹ́ kánópì."

"Oòrùn ló ń ràn níbí."

"Yóò dé, mà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn títí di ọjọ́ kejì. Màmá mi ti gba makirofóònù lọ́wọ́ akọrin. Ó ní kí gbogbo èèyàn wọlé, ìjì ń bọ̀. Àwọn èèyàn sáré, ọmọdé ń ké, wọ́n tẹ oúnjẹ mọ́lẹ̀. Wọ́n jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì nínú ooru, wọ́n ń dúró de ìjì. Ìjì náà ti tú ká kó tó dé Ọ̀wọ̀. Ẹ̀kán òjò kan ò bọ́ ní Aládé.

Màmá mi ròyìn rẹ̀ fún mi láìbínú. Ó ní, "Wòlíì dìde, ó ní, 'Ìyá, ta ló ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nínú ìjọ yìí, ṣé èmi ni àbí ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà?' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín."

"Mà, ẹ má bínú."

"Wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀ ná lórí ipò olórí obìnrin. Oòrùn náà mú gan-an, ọmọ mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá pè, á gbé e, á kí mi, á ní òun wà lóko. Kò bi mí léèrè nípa ìjì mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ó kàn mí láti yan ibi tí a ó lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lójú pápá: kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹni tó kàn á wo gbogbo ìròyìn láàárọ̀, á sọ ibi tí ìjì yóò ti hù, ọkọ̀ méjèèjì á sì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní gúúsù. Kóódì ní àríwá ló jọ lójú òun. Mo ní rárá, gúúsù ni, ó dá mi lójú. A wa ọkọ̀ títí a fi dé ìlú kékeré kan, a sì jókòó sábẹ́ ọ̀run aláwọ̀ búlúù. Ní àríwá, ìjì ń hù lọ́kọ̀ọ̀kan bí olú. À ń wò wọ́n lórí rédà, ọ̀nà ti jìn jù. Kóódì fi fìlà bojú, ó sùn.

Línda wá jókòó tì mí lórí koríko.

"Láàárọ̀, báwo ló ṣe dá ọ lójú tó?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Mi ò béèrè bóyá ó dá ọ lójú. Báwo ló ṣe tó? Nínú mẹ́wàá."

Mo ro ó dáadáa. "Mẹ́fà, mà."

"Mẹ́fà lo rí, o wá sọ mẹ́wàá fún wa. Níbo lo ti rí mẹ́rin tó kù?"

Omi bọ́ lójú mi. Ó rò pé nítorí ìrìn àjò òfo wa ni, ó ní kí n má sunkún, ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ènìyàn. Mo wá sọ ti màmá mi fún un, ti kánópì, ti Wòlíì. Ó ń fa koríko tu.

Ó ní, "Pe màmá rẹ. Sọ mẹ́fà fún un."

Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: pé ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ò ju mẹ́fà nínú mẹ́wàá lọ, pé ó lè dé, ó lè má dé, àti pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé o ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀ tán, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi bí ọ. Bí o bá ní o ò mọ̀, màá gbà ọ́ gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ parí iṣẹ́ ojú pápá, mo tún rí ìlà ìjì. Inú ọkọ̀ ni mo wà, a ti ń lọ. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, orí rẹ̀ ga, kò sì rọlẹ̀ rárá bí ó ṣe ń bọ̀ lọ́nà Àkókó. Ọjọ́ àdúrà àwọn obìnrin ni ní ìjọ wọn, mo mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá mi wà, lábẹ́ òrùlé rẹ̀ tó ti gbó. Mo rántí ẹ̀rín ìjọ. Mo pè é.

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Mélòó nínú mẹ́wàá?"

"Mẹ́fà, mà. Ó lè tó méje."

Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ó dáa. Màá tìtorí mẹ́fà kó wọn lọ sílé. Mẹ́rin tó kù, màá gbàdúrà lé e."

Ìlà fóònù já. Mo tún pè, kò lọ.

Kóódì ní, "Ìkòríta nìyí. Òsì àbí ọ̀tún?"

Mo yíjú wò ó bí ẹni tí ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìkúùkuu kan wà níwájú wa, ó ti ń tẹ́ nísàlẹ̀. "Ọ̀tún," ni mo wí. A yà. Títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń ka ìyára atẹ́gùn sókè fún Línda, mò ń sọ ibi tí yìnyín wà, ẹnu mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdajì mi ló ń ṣe é. Ìdajì tó kù wà ní Aládé, ó ń di òpó ṣọ́ọ̀ṣì mú.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìlà fóònù tó wọlé.

Màmá mi ní, "Ó dé."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà.

"Ó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, apá ibi tí àwa obìnrin máa ń jókòó sí. Igi àjà já lulẹ̀. Gbogbo wa ti wà nílé. Àwọn mìíràn kùn pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lọ."

"Ṣé kò sí ẹni tó fara pa?"

"Wòlíì nìkan. Ó ní òun ò kúrò níbi kankan."

"Mà!"

"Apá rẹ̀ ló kán. A gbé e lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n ṣe ń di apá fún un, ó ní kí n bá òun bi ọ́ léèrè: ọ̀la ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mi ò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá wọ́n ti dá ipò rẹ̀ padà. Ó ní wọn ò sọ nǹkan kan, òun náà ò sì béèrè.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará Aládé ti ń pè mí. Àwọn tí mi ò mọ̀ ń gba nọ́ńbà mi. Mo lè wà nídìí abọ́, ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ, kí fóònù dún: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká sá kòkó lónìí?" Ẹlòmíràn fẹ́ kan òrùlé, ẹlòmíràn fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Àkúrẹ́. Mo ń sọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá fún wọn, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Àwọn kan ń bínú pé kí n sọ̀rọ̀ tó dúró sójú kan. Gbogbo orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè mí, kò sí ẹni tó ní ó gùn jù.

Nígbà tí sáà parí, Línda pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní àyè wà bí mo bá fẹ́ dúró kàwé sí i, kí n sì máa bá wọn jáde lọ sójú pápá. Mo dúpẹ́, mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó. Mo rin gbogbo ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ po lọ́jọ́ náà, mi ò lè jókòó sójú kan. Mo pe màmá mi.

"Mà, wọ́n ní kí n dúró sí i."

Ó ní, "Dúró. Bí o bá wálé, ta ni yóò máa bá wa wo ìjì?"

"Mo lè máa wò ó láti ilé náà, mà. Fóònù yìí náà ni mo fi ń wò ó. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan kí i lójú ọ̀nà, kò dáhùn.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé, látọjọ́ yìí, o lè jókòó sí àgbàlá mi níbí kí o máa wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi ṣe bí ibẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń rí i ni."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́, pé kí n tó wá síbí mo lè máa wo àwòrán yẹn láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sọ nǹkan kan fún mi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò sọ ọ́. A wà lórí ìlà bẹ́ẹ̀, mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ pa fóònù nínú àwa méjèèjì.